A Dúpẹ́ Ni Mo Dá Wọn Lóhùn

Onílara ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn fi ń ṣe ẹnìkejì ní jàǹbá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Tèmi kàn máa ń há mi láyà bí òkèlè ẹ̀bà tí kò rí omi ni. Mo ti ní in láti kékeré ní Ìpọ̀nrí, nígbà tí ọmọ ilé kejì bá wọ bàtà tuntun, tí màámi á ní kí n lọ sọ fún un pé ó bá a mu. Àmọ́ mi ò mọ bí ó ṣe tóbi tó nínú mi àfìgbà tí mo dé Dọ́blìn, nílùú òyìnbó.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tiwa, ọmọ mi kan ṣoṣo, nígbà tí mo lọ. Ọ̀dọ̀ màámi ni mo fi í sí, nínú yàrá méjì tí a ń gbé ní Ìpọ̀nrí. Bàbá ẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó míì, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo sọ fún ọmọ náà pé ọdún kan péré ni, pé màá wá mú un. Mo rò pé òótọ́ ni mo sọ. Èmi tí mo ti tọ́jú aláìsàn fún ọdún mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sábó, tí wọ́n wá gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó lókè òkun, kí ló tún kù? Tí mo bá ti débẹ̀, ó parí.

Kò parí. Òfin wà níbẹ̀ pé kí èèyàn bíi tèmi tó mú ọmọ ẹ̀ wá, owó oṣù ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó iye kan. Tèmi ò tó o. Torí iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe fún mi ní ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kí n mú ọmọ mi. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kí owó náà tó lè gòkè, àfi kí n kúrò nípò ẹni tó ń pààrọ̀ nápí fún arúgbó, kí n di ọ̀gá díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọdún kan ni ìyẹn ń fẹ́, ẹ̀kọ́ náà sì ń fẹ́ owó, ó ń fẹ́ àyè. Ta ló ní i?

Wọ́n ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi kí n tó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àgọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú, níwájú àwọn ilé onígíláàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà, òyìnbó pàgọ́ sílẹ̀, wọ́n ń sùn nínú ẹ̀. Òyìnbó o! Ọmọ onílẹ̀! Mo dúró lójú títì, mo pàtẹ́wọ́. Màámi ò gbà mí gbọ́ lórí fóònù.

"Ìwọ yìí, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó wo ló ń sùn síta?"

"Mọ́mì, mo fojú ara mi rí i ni."

"Bóyá fàájì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ràn atẹ́gùn."

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó ní irùngbọ̀n pupa, a máa ń kí ara wa tí mo bá ń lọ sí ṣíífù àárọ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan mo rí ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í lórí àpótí, tí wọ́n jọ ń jẹ ànàmọ́ díndín nínú bébà. Ọmọ ẹ̀ ni. Ìyá ọmọ náà máa ń mú un wá kí i lọ́jọ́ Sunday. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jowú ọkùnrin yẹn. Ẹni tí kò nílé, ẹni tí òjò ń pa, mo jowú ẹ̀ débi pé mi ò kí i mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Níbi iṣẹ́ wa náà, màmá kan wà tí mo máa ń wẹ̀ láràárọ̀. Ilé mẹ́rin ló ní nínú ìlú kan náà tí bàbá irùngbọ̀n pupa ń sùn síta. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí àwọ̀ tí wọ́n kun ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn. Nílé, mo mọ orúkọ ẹni tó lówó jù mí lọ. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ò ní jẹ́ kí n gbádùn, mo lè dúró lójú wíńdò kí n bú u, á sì gbọ́. Lọ́hùn-ún, àwọn tó ga jù mí lọ wọ̀nyẹn, mi ò rí wọn sójú. Màmá arúgbó tó gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀ nìkan ni mo rí, èmi ni mo sì ń nu ìdí fún un. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bú ìyẹn?

Èmi àti Fúnkẹ́ la jọ ń gbé yàrá kan, nínú ilé tí àwa mẹ́jọ pín. Yaba ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí ẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ kan náà, owó oṣù kan náà, hítà kan náà tí láńlọ́ọ̀dù ń pa bó ṣe wù ú. Òun náà fi ọmọ ẹ̀, Dámi, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní Yaba. A mú àwọn ará ilé wa mọ ara wọn, débi pé Tiwa máa ń lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ Dámi. Mo fi ọdún mẹ́fà ju Fúnkẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Àmọ́ ọmọ náà kì í panu mọ́! Ẹkún ẹ̀ ò jìnnà. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, á sọ fún ẹni tó dúró tì í pé ebi ń pa òun. Tó bá pe Yaba, á máa sunkún pé òun ò lówó, pé òtútù fẹ́ pa òun, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

"Fúnkẹ́, a kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀," mo máa ń sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní."

Èmi? Tí mo bá fẹ́ pe ilé ní fídíò lọ́jọ́ Sunday, mo á kọ́kọ́ bọ́ fìlà onírun àti jákẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ nínú yàrá. Mo á wọ bùláòsì, mo á kun ètè, mo á jókòó síbi tí ògiri ò ti hu èbu. Àwọn ará ilé á gba ẹ̀yìn màámi kọjá, wọ́n á yọjú sí fóònù.

"Ìyá Tiwa, báwo lọ̀hún?"

"A dúpẹ́ o! Kò sí wàhálà rárá!"

Eyín mi á máa gbọ̀n, mo á fi ẹ̀rín bò ó. Tiwa náà á wá sójú fóònù, á kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Àǹtí." Màámi ló ń pè ní Mọ́mì, torí ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo wà nílé, ẹ̀rín ni mo fi ń rín. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, tí mo bá gbọ́ ọ tó ń pe "Mọ́mì, ẹ wá bá mi di irun," tí kì í ṣe èmi ló ń pè, mo máa ń fẹ́ ju fóònù mọ́lẹ̀. Ìyá tó bí mi ni mo ń jowú o. Ẹ sọ fún mi pé ó dáa.

Ọdún kejì ni Nóra dé ibi iṣẹ́ wa. Ọ̀mọ̀wé ni, láti yunifásítì kan nínú ìlú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí kiri Yúróòpù: kí ló dé tí olówó ń lówó sí i, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ò rí ilé gidi gbé, kí sì lèèyàn lè ṣe sí i? Ó máa bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ nínú wa ní ìbéèrè. Tó bá yá, àwọn máa pe àwọn kan padà fún ìpín kejì.

Pe àwọn kan padà! Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ìntáfíù físà rí, ẹ mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Níbi físà, ta ni wọ́n ń fún? Ṣé ẹni tó ní ebi ń pa òun ni? Ẹni tó bá fi hàn pé nǹkan ń lọ déédéé fún òun ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún. Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo fi àtíkè sójú, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ la jókòó sí. Fúnkẹ́ ló tẹ̀ lé mi, ó ti tètè dé, ó jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń jẹ bísíkíìtì.

Nóra yọ bébà kan jáde. Àkàbà ni wọ́n yà sí i, ó ní igi mẹ́wàá. Ó ní àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún jù ní ìlú yìí ló wà lórí igi tó ga jù, àwọn tí nǹkan le fún jù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Níbo lo rò pé o wà?"

Fúnkẹ́ dáwọ́ bísíkíìtì dúró. Etí mi gbọ́ ọ. Kí ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà jù gbọ́ lẹ́nu mi pé ìsàlẹ̀ ni mo wà? Kó sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Yaba, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ fún màámi? Láéláé. Mo fìka lé igi kẹjọ.

Nóra gbójú sókè. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Láàárín oṣù tó kọjá, ṣé ìgbà kan wà tí o ò jẹun torí kò sówó?"

"Rárá o." Tíì lásán ni mo mu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ilé tí ò ń gbé ńkọ́, ṣé ó máa ń móoru tó?"

"Ó ń móoru dáadáa."

Fúnkẹ́ wúkọ́. Àwa méjèèjì tí à ń sùn pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì!

"Àwọn ẹbí ẹ nílé, ṣé wọ́n ń retí ìrànlọ́wọ́ ẹ?"

"Wọ́n wà dáadáa. Wọn ò ṣaláìní nǹkan kan."

Mo dìde bí ẹni tó yege. Kí n tó wọ kóòtù mi tán, Fúnkẹ́ ti jókòó síbẹ̀, omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀. Nóra ò tíì béèrè tán tó fi fìka sábẹ́ àkàbà náà. "Mi ò tíì gùn ún rárá," ó ní. "Ilẹ̀ ni mo wà." Ojú tì mí fún un. Mo jáde.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà dé. Ti Fúnkẹ́ nìkan. Wọ́n máa san owó ẹ̀kọ́ ọdún kan yẹn fún un, ẹ̀kọ́ gan-an tí mo ń wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni á máa fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, owó oṣù ẹ̀ ò ní dín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó lè gbé ẹni tó wà nísàlẹ̀ sókè nìyẹn, kí wọ́n lè sọ fún ìjọba. Nísàlẹ̀ àkàbà náà ni wọ́n ti yan àwọn èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ńkọ́?" Fúnkẹ́ ń fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé kò tíì dé ni? Á dé o. Yàrá kan ṣoṣo la jọ wà, kí ni wọ́n á fi mú mi tí wọ́n á fi yín sílẹ̀?"

Ó ti gbàgbé igi kẹjọ mi. Àbí ó ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé? Títí dòní mi ò mọ̀. Mo ní, "Kú oríire, àbúrò mi," mo bọ́ sí bálùwẹ̀, mo fi táwẹ́ẹ̀lì dí ẹnu ara mi, mo ké.

Mo wá Nóra lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀. Ó bu tíì fún mi. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Mi ò sí lórí igi kẹjọ. Mi ò sí níbì kan tó jọ ọ́."

"Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Níbi tí wọ́n ti bí mi, tí wọ́n bá ní báwo ni, a dúpẹ́ là ń wí. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà ní ọsibítù á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́. Tó o bá ní o tòṣì, o ti fi ẹnu ara ẹ pè é wọlé nìyẹn."

Nóra fi bírò sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó ní ọ̀rọ̀ wa ti rú àwọn lójú: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti ilẹ̀ wa wá, òkè ni wọ́n ń fìka sí, owó oṣù wọn ò sì bá a mu.

"Báwo ló ṣe yẹ ká bi yín?"

"Má bi mí pé níbo ni mo wà. Bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá. Bi mí pé ìgbà wo ni mo fọwọ́ kan ọmọ mi kẹ́yìn."

Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í bóyá mo lè yí ìdáhùn mi padà. Ó mi orí. Ó ní àyè ti kún, tí àwọn bá sì ń yí ìdáhùn padà lẹ́yìn tí wọ́n ti yan èèyàn, ìwádìí náà bàjẹ́ nìyẹn. Ojú ẹ̀ pọ́n, ó bẹ̀ mí. Mo ń wo fọ́tò ọmọ ẹ̀ méjì lórí tábìlì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú ọ̀kan ti yọ. Ti Tiwa náà ti yọ, mi ò sí níbẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Èmi ni mo fi ẹnu mi kọ ọ́.

Lóòótọ́, wọ́n yí ìbéèrè padà. Nóra fi tuntun ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ohun tí mo sọ wà nínú ẹ̀. Inú mi dùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan. Mo fi han bàbá irùngbọ̀n pupa torí kò sẹ́lòmíì tí mo lè fi hàn. Ó kà á, ó ní ìbéèrè tó dáa ni, ó ní wọn ò bi òun rí.

Ọdún yẹn gùn. Fúnkẹ́ ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń ṣe ṣíífù tó fi sílẹ̀. Láàárọ̀ ìdánwò ẹ̀ ìkẹyìn, mo jí, mo rí i pé ó ṣì ń sùn. Fóònù ẹ̀ ti kú, kò dún. Mo dúró tì í. Mo wo aago. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó wọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Mo lọ gbé omi kaná. Omi hó, mo po tíì, mo mu ún dé ìdajì, mo ṣì dákẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì náà lọ ni mo pariwo, "Fúnkẹ́! Ìdánwò!" Ó sáré jáde, bàtà lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tó mú mi jí i. Mi ò sì mọ ohun tó mú mi mu tíì yẹn.

Ó yege. Wọ́n gbé e ga níbi iṣẹ́, owó oṣù ẹ̀ pé iye tí òfin ń wí. Dámi dé. Èmi ni mo bá a lọ sí pápákọ̀ òfurufú, èmi ni mo gbé báàgì. Fúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó di ọmọ náà mú, ó ń ké. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi ń dùn mí. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo pe ilé.

"Àǹtí, ṣé Dámi ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ti dé."

"Ó dáa." Ó gbé fóònù fún màámi.

Ó pé ọdún mẹ́rin kí n tó rówó wálé. Mi ò lè wálé lọ́wọ́ òfo, mo ra bàtà, mo ra lọ́fíńdà, mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún Tiwa. Gbèsè ni gbogbo ẹ̀. Ìpọ̀nrí tú jáde. "Ìyá Tiwa ti dé! Ẹ wo bó ṣe ń dán!" Mo ní a dúpẹ́. Wọ́n ní mo ti di olówó. Mo ní a dúpẹ́. Tiwa ti ga dé èjìká mi. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, kò wò mí lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, àwa mẹ́ta là ń jẹ ìrẹsì nínú yàrá, èmi, màámi àti òun. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Àǹtí, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ṣẹ̀ mí? Kí lo ṣe?"

"Dámi ti lọ. Mọ́mì ẹ̀ ò sì lówó, gbogbo èèyàn ló mọ̀, ó máa ń sunkún lórí fóònù. Síbẹ̀, ó mú un lọ. Ẹ̀yin lẹ lówó. Gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ máa ń ní kò sí wàhálà. Ẹ ò kàn fẹ́ mú mi lọ ni."

"Tiwa!" Màámi gbá tábìlì. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ó sọ ọ́." Mo yíjú sí ọmọ náà. "Tiwa, mi ò lówó."

"Má sọ bẹ́ẹ̀!" Màámi ta ìka kọjá orí. "Ó tì o! Má fi ẹnu ẹ pè é nínú ilé yìí!"

"Mi ò ní in, Mọ́mì. Mo tòṣì lọ́hùn-ún." Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo fi ẹnu mi sọ ọ́ nìyẹn. "Tiwa, òtútù máa ń mú mi. Jákẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń bọ́ kí n tó pè yín. Àwọn ìgbà míì, tíì lásán ni mo máa ń mu sùn. Owó oṣù mi ò tó kí wọ́n gbà mí láàyè láti mú ẹ wá. Kò sọ́jọ́ kan tí mi ò fẹ́ mú ẹ. Ọlọ́run gbọ́, kò sọ́jọ́ kan."

Ó wò mí lójú wàyí. Ó wò mí dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ mi, ó wo bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ òun fúnra ẹ̀, ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àga.

"Irọ́ lẹ ń pa, Àǹtí," ó ní jẹ́jẹ́.

Ó gbé àwo ìrẹsì ẹ̀, ó lọ jókòó ti màámi.